Kí Á Tó Dé Ibi Yìnyín: Igbó, Alárù àti Òkè Kilimanjaro

  Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò, ohun tí ẹ kọ sí mi ni pé kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe ń gun òkè gíga tí yìnyín bò lórí. Mo gbà láti wá, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, yìnyín kọ́ ni yóò gba àkókò wa jù.

Ibi mẹ́ta péré ni yìnyín ti ń wà láti ọdún dé ọdún lórí òkè ní Áfíríkà: Kilimanjaro ní Tanzania, Òkè Kenya, àti Rwenzori tó wà láàárín Uganda àti Kóńgò. Kilimanjaro ni mo mú, nítorí òun ló ga jù, òun náà sì ni púpọ̀ nínú yín ń tọ́jú owó sí. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ṣóńṣó funfun tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò ló kéré jù nínú òkè náà. Igbó tó wà nísàlẹ̀, àti àwọn tó ń ru ẹrù gba inú igbó náà kọjá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ga tó. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, 2,419 mítà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Marangu gun Kilimanjaro, ibi tí yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Mandara, ti ga ju ìyẹn lọ. Horombo, níbi tí yóò sùn ní ọjọ́ kejì, jẹ́ 3,720 mítà. Uhuru tí í ṣe ṣóńṣó jẹ́ 5,895 mítà. Òkè ayọnáyèéfín mẹ́ta ló so pọ̀ di Kilimanjaro: Shira tó ti wó lulẹ̀ láti ayébáyé, Mawenzi tí orí rẹ̀ rí ṣákaṣàka, àti Kibo tí Uhuru wà lórí rẹ̀. Kibo kò tíì kú pátápátá; ó sùn ni, èéfín imí ọjọ́ ṣì ń yọ lẹ́nu kòtò rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ká ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn Chagga tó ń gbé ibẹ̀. Oko wọn, tí wọ́n ń pè ní kihamba, yí ilé wọn ká. Igi ńlá ń ṣíji bo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣíji bo kọfí, ẹ̀fọ́ àti ohun abẹ́ ilẹ̀ wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti wọ oko kòkó àtijọ́ ní agbègbè Oǹdó tàbí Iléṣà yóò mọ irú òjìji bẹ́ẹ̀. Màlúù wọn kì í jẹ̀ káàkiri; ilé ni wọ́n ti ń fún un ní oúnjẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ni ajílẹ̀ oko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pọn ọtí mbege, tí ìpàdé ìdílé kankan kì í fẹ́ ṣàìrí.

Ohun tó wù mí jù lọ́wọ́ wọn ni mfongo. Kí òyìnbó tó gbọ́ orúkọ òkè náà rárá ni àwọn Chagga ti ń gbẹ́ ọ̀nà omi láti inú igbó, tí wọ́n ń darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kọjá orí àfonífojì, títí omi yóò fi dé ẹ̀yìnkùlé oníkálukú. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ojú àti ọkọ́ ni wọ́n fi mọ ibi tí omi yóò ti máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìya. Ẹgbẹ́ ló ni mfongo kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá sì bá wọn tún un ṣe ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí omi náà wewu. Mi ò tíì rí ìwé ìtọ́sọ́nà arìnrìn-àjò kan tó fún mfongo ní ojú ewé méjì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fún bàtà ní odidi orí kan.

Ní nǹkan bí 1,800 mítà, oko tán, igbó gbà á. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù òkè yìí ni òjò ti ń pọ̀ jù. Ní àárín igbó, ní nǹkan bí 2,200 mítà, òjò ọdún kan lè ju 2,500 mìlímítà lọ, tó jẹ́ bí ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ sí Ìbàdàn. Ilẹ̀ ń yọ̀, gbòǹgbò gba ojú ọ̀nà, ohun gbogbo ń kán tó, tó, tó, bí òjò tilẹ̀ ti dá. Igi kámfọ̀ wà níbẹ̀, àti podo, àti oríṣi ọ̀pọ̀tọ́. Ẹdun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹdun tí a fi ń ki ìbejì, dúdú minimini, irun funfun gígùn bò ó lẹ́yìn, ìrù rẹ̀ sì funfun báláú. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè igi, kí ẹ tó rí i.

Nínú àfonífojì kan lára òkè yìí ni igi tó ga jù nínú èyí tí a tíì wọ̀n ní Áfíríkà wà. Andreas Hemp, onímọ̀ ewéko ará Jámánì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kéde rẹ̀ ní 2016. Mítà 81.5 ni. Mọ̀lẹ́bí ọ̀gànwó ni igi náà, Entandrophragma excelsum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbójú sókè wo Cocoa House, tó jẹ́ mítà 105. Igi yìí ga ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ, kò sì sí àgbaṣẹ́ṣe kankan tó kọ́ ọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún arìnrìn-àjò ń gba òkè náà kọjá lọ́dọọdún, ojú wọn wà lórí Kibo, wọn kò sì mọ̀ pé irú rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ nínú igbó rèé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé yìnyín orí Kilimanjaro ló ń yọ́ di odò fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ sí orí Kibo kéré gan-an, ibẹ̀ gbẹ bí aṣálẹ̀. Púpọ̀ nínú yìnyín tó ń dínkù níbẹ̀ kì í tilẹ̀ di omi. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń sọ ọ́ di oru tààrà. Igbó ló ń mú omi wá. Òjò ń rọ̀ sí i, ilẹ̀ rẹ̀ ń fà á mu, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú àwọn odò tó ń lọ bá Pangani, títí dé ibi ìdídò Nyumba ya Mungu tó ń pèsè iná mànàmáná. Ní ìhà Kenya, omi abẹ́ ilẹ̀ láti ara òkè kan náà ló ń bọ́ àwọn àbàtà Amboseli tí erin ń wẹ̀ nínú wọn.

Òjò nìkan kọ́. Ìkùukùu ń gorí òkè lọ́sàn-án, ó ń kọ lu àwọn igi orí ààlà igbó, níbi tí ewé wẹ́wẹ́ ti so rọ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀ka. Ewé wọ̀nyẹn ń gba omi lára ìkùukùu, omi náà ń kán sílẹ̀. Bí a bá mú igi kúrò, ìkùukùu yóò kọjá lọ ní tirẹ̀, kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Iná sì ni ọ̀tá ààlà yẹn. Ilẹ̀ ń gbẹ sí i, ẹni tó ń fi èéfín lé oyin ń jẹ́ kí iná ràn, ẹni tó ń dáná oúnjẹ kò pa á tán, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń bá wọn ṣe é. Iná ńlá jó níbẹ̀ ní oṣù October 2020, òmíràn tún jó ní October 2022. Hemp ti fi hàn pé láti àárín àwọn ọdún 1970 síwájú ni iná ti lé ààlà igbó òkè sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà, àti pé omi tí a pàdánù nípa bẹ́ẹ̀ ju èyí tí yìnyín lè fún ẹnikẹ́ni lọ. Ìjọba Tanzania fi òfin de gígé igi nínú igbó náà ní 1984. Ṣùgbọ́n ọ̀gbà ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ibi gíga nìkan ló bò. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fi igbó kún un. Ìyẹn ni pé fún ọdún méjì-lé-lọ́gbọ̀n, orí òkè ni wọ́n ń ṣọ́.

Yìnyín náà ńkọ́? Láàárín 1912 sí 2011, nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìdá 85 ti lọ. Ní 2002, Lonnie Thompson ará Amẹ́ríkà, tó gbẹ́ ihò sínú yìnyín náà láti fi ka ọjọ́ orí rẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, kò ní sí mọ́ láàárín 2015 sí 2020. Ọdún náà kọjá, ó ṣì kù díẹ̀. Àwọn kan fi ìyẹn ṣe ẹlẹ́yà. Mi ò rí ohun ẹlẹ́yà níbẹ̀; ọkùnrin náà sọ ibi tí nǹkan ń lọ, ọjọ́ ló yẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gòkè. Ní 2,800 mítà, igi ńlá parẹ́, igbó ṣúúrú tó dàgbà dé orí ènìyàn gba ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí igi méjì tó ń yà mí lẹ́nu. Òtútù ń mú omi dì lóru níbẹ̀, oòrùn ń jó ni lọ́sàn-án, igi méjèèjì sì mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Dendrosenecio kilimanjari kì í jẹ́ kí ewé rẹ̀ tó gbẹ bọ́. Ó fi wọ́n yí ara rẹ̀ ká bí aṣọ. Lobelia ní tirẹ̀ ń pa ewé rẹ̀ dé mọ́ ọ̀mùnú rẹ̀ lálẹ́, ó ń ṣí i ní òwúrọ̀. Láti 4,000 mítà lọ, òkúta àti iyanrìn ni, ó ku ìwọ̀nba koríko. Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìtàn ló kàn, òun sì kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ. Ní 1846, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wọ Abẹ́òkúta. Ní ọdún yẹn gan-an, ẹgbẹ́ yìí kan náà rán ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Johannes Rebmann lọ sí etíkun Mombasa. Ní ọjọ́ 11, oṣù May, 1848, Rebmann rí ohun funfun kan lórí òkè níwájú, ó sì kọ ọ́ pé òjò dídì ni. Bwana Kheri, aṣáájú èrò tó mú un rìn, ti gba ọ̀nà yẹn rí. Ìròyìn náà dé Lọ́ńdọ̀nù, William Desborough Cooley, tó fi àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ṣiṣẹ́ jẹ láìdé ibẹ̀ rí, sì bú u pé irọ́ ni. Òjò dídì kò lè wà lábẹ́ oòrùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àríyànjiyàn yìí gbà. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn Chagga mọ ohun tó wà lórí òkè wọn. Rebmann fúnra rẹ̀ kọ ìtàn tó gbọ́ lọ́dọ̀ wọn, pé ọba Machame kan ti rán ènìyàn lọ wo ohun tó ń dán lókè náà, òtútù sì bá wọn níbẹ̀, ó ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó padà jẹ́. Ẹ wò ó: àwọn tó gun òkè ni wọn kò bi léèrè, ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń bá jiyàn.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 6, oṣù October, 1889 ni Hans Meyer àti Ludwig Purtscheller dé ṣóńṣó Kibo, Meyer sì sọ ọ́ ní orúkọ ọba Jámánì. Ọba Mareale ti Marangu ló gbà wọ́n lálejò nísàlẹ̀. Àgọ́ wọn wà ní nǹkan bí 4,300 mítà, ẹni tó sì bá wọn dúró sínú òtútù yẹn, tó ń ṣọ́ àgọ́, tó ń gbọ́ oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ni Mwini Amani ará Pangani. Ìwé Meyer dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó wá kọ ìwé lẹ́yìn rẹ̀ ló gbàgbé. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ Tanzania tó wà níbẹ̀, wọ́n sì rí àgbàlagbà Chagga kan, Yohani Kinyala Lauwo, tí wọ́n ní òun ló ṣáájú Meyer lọ́nà. Wọ́n kọ́lé fún un. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn bóyá ọjọ́ orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1996. Èmi ò bá wọn dá sí ti ọjọ́ orí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Orúkọ ọba Jámánì kò pẹ́ lórí òkè. Ní òru tí Tanganyika gba òmìnira, oṣù December 1961, ọmọ ogun kan, Alexander Nyirenda, gbé àsíá àti ògùṣọ̀ dé ṣóńṣó náà. Uhuru, òmìnira, ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà.

Mo wá kan àwọn alárù. Òwe wa ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Arìnrìn-àjò kan tó bá sanwó láti gun Kilimanjaro lónìí, alárù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé e, láìka ẹni tó ń se oúnjẹ àti amọ̀nà. Wọ́n ń ru àgọ́, sítóòfù, gáàsì, omi, oúnjẹ, àga àti tábìlì, nígbà míì ilé ìgbẹ́ alágbèérìn pẹ̀lú. Orí àti ọrùn ni wọ́n fi ń rù ú. Lẹ́yìn tí àlejò bá ti kúrò ní àgọ́ láàárọ̀ ni wọ́n ń tú u palẹ̀. Kí àlejò tó dé àgọ́ kejì, wọ́n ti sáré kọjá rẹ̀ lọ́nà, wọ́n ti gbé àgọ́ dìde, omi gbígbóná ti wà nílẹ̀. Òfin ọgbà náà ni pé alárù kò gbọdọ̀ ru ju kílò 20 lọ, wọ́n sì máa ń wọn ẹrù lẹ́nu ibodè. Ẹ̀yìn ibodè ló ku ohun tí ojú ń rí. Alárù ti kú sórí òkè yẹn nítorí òtútù, nítorí pé bàtà tí kò tó nǹkan àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi rán wọn lọ. Ìyẹn ló bí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní KPAP ní 2003, tó ń yá alárù ní aṣọ òtútù lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ń tẹ̀ lé àwọn ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò láti mọ iye tó ń dé ọwọ́ alárù gan-an.

Ní 2019, ìjọba Tanzania sọ pé òun ń ro kíkọ́ ọkọ̀ orí okùn tí yóò máa gbé èrò gòkè. Àwọn alárù àti amọ̀nà fárí gá. Wọ́n ní tí àlejò bá ń jókòó lọ sókè, tó sì ń jókòó bọ̀ nísàlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ni àwọn yóò jẹ? Àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ náà yóò ran arúgbó àti aláìlera lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í gba kí wọ́n gbé e lójijì láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, arúgbó àti aláìlera sì ni kò yẹ kí wọ́n fi dán an wò.

Afẹ́fẹ́ yẹn ni ohun tó ń pa ènìyàn lórí Kilimanjaro. Òtútù kò tó o. Ní Uhuru, èémí kan tí ẹ bá mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì afẹ́fẹ́ tó wúlò fún ara ní Èkó ló ń wọlé. Orí á máa fọ́ ènìyàn, oúnjẹ á máa kọ ọ́, oorun á sá. Ìyẹn kò tíì burú. Bó bá ń kọ́ ìkọ́ tó ń ṣe ìfófòó, tí èémí rẹ̀ kò balẹ̀ bó tilẹ̀ jókòó, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bó bá ń ta gọ́ọ̀gọ̀ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ọpọlọ rẹ̀ ló ń wú. Oògùn Diamox wà tó ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè mọ́ra, kí ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó lò ó. Ṣùgbọ́n fún àìsàn méjì tí mo dárúkọ yìí, kí wọ́n gbé onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, kódà ní òru. Amọ̀nà tó bá ní kí ẹ padà, ẹ padà. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan tó tó ẹ̀mí.

Ìdí nìyí tí àwọn alárù fi ń sọ pole pole fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀: ẹ rọra, ẹ rọra. Àwọn gan-an kì í rọra, ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ara wọn ti mọ́ òkè. Ọmọ Ecuador àti Switzerland kan, Karl Egloff, sáré gòkè ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 42 ní 2014; Quito ló dàgbà sí, ìlú tí gíga rẹ̀ tó 2,850 mítà. Ẹ má wò ó. Ẹ gòkè lọ́sàn-án, kí ẹ sùn nísàlẹ̀ ibi tí ẹ dé: ní ọ̀nà Machame, èrò ń dé Lava Tower ní nǹkan bí 4,600 mítà, wọn á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, tó fi ọgọ́rùn-ún mẹ́fà mítà rẹlẹ̀ sí i. Ààjìn òru ni ìrìn ìkẹyìn ń bẹ̀rẹ̀, iná à-dì-mọ́-orí nìkan ló ń tàn, kí ẹ lè dé òkè bí ilẹ̀ bá ń mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀, January sí àárín March dára, June sí October náà dára. Òjò ńlá ló wà láàárín méjèèjì. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú lọ́wọ́, Tanzania ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ìrìn ọjọ́ márùn-ún nítorí pé ó dínwó. Méje tàbí mẹ́jọ ni kí ẹ gbà. Kí ẹ tó sanwó fún ilé iṣẹ́ èyíkéyìí, ẹ béèrè iye tó ń san fún alárù lójúmọ́, iye ìgbà oúnjẹ tó ń fún wọn, àti irú àgọ́ tí wọ́n ń sùn. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ lọ síbòmíràn. Owó ọ̀yàyà tí ẹ bá fẹ́ fún wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ kà á sí ọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lójú gbogbo èrò, ẹ má fi lé amọ̀nà àgbà lọ́wọ́ kó lọ pín in. Bí ẹ bá sì ní àyè, ẹ fi ọjọ́ kan kún un ní Marangu, kí ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wo mfongo.

Ìbéèrè yín ló kù. Mo rí ọwọ́ kan lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn.